Táyà Tí Ó Bàjẹ́: Bí A Ṣe Lè Pààrọ̀ Rẹ̀ Láì Fi Owó Ṣòfò

Àwọn àgbà a máa wí pé kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Táyà ni ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ti wù kí ó lágbára tó, bí bíréèkì rẹ̀ ti wù kí ó mú tó, orí rọ́bà mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì fi ń kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí táyà: bí a ṣe lè mọ èyí tí ó ṣeé lẹ̀ àti èyí tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀, àti bí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ṣe lè pààrọ̀ rẹ̀ láì san owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Agbègbè Festac àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ ìlú Festac sílẹ̀ de àjọ̀dún iṣẹ́-ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé, èyí tí wọ́n ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Ẹnu ibodè ìlú náà ni òpópónà márosẹ̀ tí ó lọ sí Àgbádárìgì gbà kọjá. Ní Mile 2, tí kò jìnnà sí i, ni òpópónà márosẹ̀ náà ti pàdé èyí tí ó ti Àpápá lọ sí Òṣòdì. Èbúté Àpápá àti ti Tin Can wà nítòsí, nítorí náà àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá tí ń gbé kọ̀ǹténà kì í yé kọjá ní agbègbè yìí tọ̀sán tòru. Àwọn ọkọ̀ wúwo wọ̀nyí a máa dá kòtò sí ojú ọ̀nà, ìṣó àti wáyà a sì máa jábọ́ láti ara wọn. Bí òjò bá rọ̀, omi a bo kòtò, awakọ̀ kò sì ní rí i títí ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ yóò fi já sínú rẹ̀.

Agbègbè tí ń ba táyà jẹ́ yìí kan náà ni ó sì ń tà á. Bí ènìyàn bá ti Mile 2 lọ sí gbàgede Trade Fair, níbi tí ọjà ohun èlò ọkọ̀ tí a ń pè ní ASPAMDA wà, yóò rí táyà tuntun àti àlòkù. Àwọn ọkọ̀ tí ń ná Àgbádárìgì àti ibodè Sẹ̀mẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá, táyà tí a sì rà níbẹ̀ lè di èyí tí yóò máa gbé ará oko lọ sí ọjà. Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń yẹ táyà wò níbẹ̀ yóò lè yẹ ẹ́ wò ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, tàbí ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin.

OHUN TÍ TÁYÀ JẸ́

Ní ọdún 1839, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Charles Goodyear rí i pé bí a bá po imí-ọjọ́ mọ́ rọ́bà, tí a sì fi iná yá a, rọ́bà náà kì yóò máa yọ́ nínú ooru mọ́, kì yóò sì máa gan nínú òtútù. Láti ara orúkọ tí àwọn Òyìnbó fún iṣẹ́ yìí ni àwọn tí ń lẹ táyà ní ẹ̀bá ọ̀nà ti gba orúkọ wọn, fọ́kánáísà. Ọmọ Scotland kan, Robert William Thomson, ronú táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí ní ọdún 1845, ṣùgbọ́n kò tàn kálẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1888 ni ọmọ Scotland mìíràn, John Boyd Dunlop, dókítà ẹran tí ó ń gbé ní Belfast, gba ìwé àṣẹ lórí tirẹ̀, èyí ni ó sì tàn dé gbogbo ayé.

Táyà òde òní kì í ṣe rọ́bà nìkan. Okùn tín-ínrín àti wáyà irin ni wọ́n hun sí inú rẹ̀ bí ẹni hun agbọ̀n, rọ́bà sì bò wọ́n. Okùn àti wáyà wọ̀nyí pẹ̀lú atẹ́gùn inú rẹ̀ ni ó ń gbé ẹrù. Nǹkan méjì ni ó yẹ kí a rántí nínú èyí. Èkíní ni pé bí okùn inú táyà bá ti já, kò sí àtè tàbí lẹẹ̀ tí ó lè dá agbára rẹ̀ padà. Èkejì ni pé rọ́bà a máa darúgbó. Oòrùn, ooru àti afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kódà bí táyà náà kò tilẹ̀ kúrò nínú ìsọ̀ tí wọ́n kó o sí.

ÈYÍ TÍ Ó ṢEÉ LẸ̀ ÀTI ÈYÍ TÍ KÒ ṢEÉ LẸ̀

Owó àkọ́kọ́ tí a lè dá sí ni owó táyà tí kò yẹ kí a rà. Kì í ṣe gbogbo táyà tí ó jò ni ó ti kú. Bí ìṣó bá gún táyà ní àárín ojú rẹ̀, ní ibi tí ó fi ń tẹ ilẹ̀, tí ihò náà kò sì ju mìlímítà 6 lọ ní fífẹ̀, a lè lẹ̀ ẹ́, kí ó sì tún ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà lẹ̀ ẹ́ ṣe pàtàkì. Àwọn fọ́kánáísà kan a máa ti okùn rọ́bà bọ inú ihò náà láti ìta láì tú táyà kúrò lára rímù. Èyí lè gbé ọkọ̀ délé, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbẹ́kẹ̀ lé e fún ìrìn àjò jíjìn. Èyí tí ó dára ni pé kí wọ́n tú táyà, kí wọ́n wo inú rẹ̀, kí wọ́n dí ihò náà, kí wọ́n sì lẹ rọ́bà mọ́ ọn láti inú. Owó rẹ̀ lè ju ti àkọ́kọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan kan lára owó táyà.

Táyà tí a kò gbọ́dọ̀ lẹ̀ rárá ni èyí tí ó gún, tí ó ya, tàbí tí ó là ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ń tẹ̀, tí ó sì ń nà, ní gbogbo ìgbà tí táyà bá ń yí. Ohun tí a bá lẹ̀ mọ́ ọn níbẹ̀ yóò ṣí nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Bákan náà ni táyà tí ó wú kókó ní ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn tí ó já sínú kòtò. Kókó náà fi hàn pé okùn inú rẹ̀ ti já, atẹ́gùn sì ń ti rọ́bà síta. Irú táyà bẹ́ẹ̀ lè bẹ́ nígbàkúùgbà. Ìrètí kan kò sí fún un, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ dára tó.

Ẹ̀kẹta ni táyà tí a wà lórí ilẹ̀ nígbà tí kò sí atẹ́gùn nínú rẹ̀. Rímù yóò ti gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti inú, ìta lè má fi hàn. Bí fọ́kánáísà bá tú u, tí ìyẹ̀fun rọ́bà dúdú sì ń dà sílẹ̀ láti inú rẹ̀, táyà náà ti parí. Nítorí náà, bí awakọ̀ bá gbọ́ pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń lu ilẹ̀, kí ó dín eré kù, kí ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ó sì dúró. Ẹni tí ó wà á lọ títí yóò fi rí fọ́kánáísà ti sọ táyà tí a lè lẹ̀ di èyí tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni táyà tí ó ti pá. Àwọn ìlà jíjìn tí ó wà lójú táyà ni omi ń gbà jáde kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bí ìlà náà bá ti tán, ọkọ̀ yóò máa léfòó lórí omi nígbà òjò, bíréèkì kò sì ní mú un. Nínú ìlà wọ̀nyí ni àwọn tí ń ṣe táyà fi òkìtì rọ́bà kéékèèké sí, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.6. Bí ojú táyà bá ti jẹ dé ìwọ̀n òkìtì wọ̀nyí, àsìkò ìpààrọ̀ ti dé. Mìlímítà 1.6 yìí náà ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe òpin fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ní ilẹ̀ tiwa tí òjò ń pọ̀, ó sàn kí ènìyàn má tilẹ̀ dúró dé ibẹ̀.

BÍ A ṢE Ń KA ARA TÁYÀ

Ẹ̀gbẹ́ táyà dà bí ìwé. Ẹni tí ó bá lè ka nọ́ńbà lè kà á. Bí a bá rí 195/65R15 91V, èyí tí ó wọ́pọ̀ lára àwọn ọkọ̀ kéékèèké, báyìí ni ìtumọ̀ rẹ̀: 195 ni fífẹ̀ táyà náà ní mìlímítà, 65 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìpín 65 nínú 100 fífẹ̀ rẹ̀, R ni irú ọ̀nà tí wọ́n gbà to okùn inú rẹ̀, 15 ni ìwọ̀n rímù tí ó bá a mu. Nọ́ńbà 91 ń sọ ẹrù tí táyà kan lè gbé, èyí tí í ṣe kìlógíráàmù 615, lẹ́tà V sì ń sọ òpin eré tí a ṣe é fún.

Ìwọ̀n tí ó tọ́ fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lára ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Kí ọlọ́kọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó lọ sí ọjà. Bí ọlọ́jà bá wí pé èyí tí ó kéré díẹ̀ tàbí tí ó tóbi díẹ̀ yóò gbà á, owó ọjà tirẹ̀ ni ó ń rò. Kí a má sì ra èyí tí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́, pàápàá fún ọkọ̀ tí ń gbé iṣu, ẹ̀gẹ́ tàbí èrò púpọ̀.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jùlọ ni ọjọ́ orí táyà. Kí a wá lẹ́tà mẹ́ta yìí: DOT. Lẹ́yìn wọn ni lẹ́tà àti nọ́ńbà mìíràn tẹ̀ lé ara wọn, nọ́ńbà mẹ́rin sì ni ó parí rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin náà ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn sì ni ọdún. Bí a bá rí 1423, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2023 ni wọ́n ṣe é. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré ni ó parí rẹ̀, a ti ṣe táyà náà kí ọdún 2000 tó dé, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e sí abẹ́ ọkọ̀. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ ọjọ́ náà sí. Kí oníbàárà ní kí ọlọ́jà yí táyà padà kí ó lè wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ọlọ́jà bá kọ̀, tàbí bí wọ́n bá ti fi nǹkan ha ibẹ̀, kí oníbàárà máa bá tirẹ̀ lọ.

Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ti ń kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n má lo táyà kọjá ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Kì í ṣe láti ọjọ́ tí a rà á. Táyà tí ó ti lo ọdún mẹ́ta nínú ìsọ̀ kò ní ju ọdún kan lọ mọ́ nínú ìkà yìí, bí ó tilẹ̀ ṣì ń dán.

TÁYÀ TÍ Ó DÀGBÀ JU ỌMỌ LỌ

Àwọn kan lè bèèrè pé kí ni a ń wá nínú ọjọ́ orí nígbà tí ojú táyà ṣì dára. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012. Ọkọ̀ èrò ńlá kan ń gbé àwọn ọ̀dọ́ tí ó lọ gbọ́ orin bọ̀ wá sílé. Táyà iwájú rẹ̀ bẹ́, ọkọ̀ náà sì yà kúrò lójú ọ̀nà, ó kọ lu igi. Ènìyàn mẹ́ta ni ó kú. Ọ̀kan nínú wọn ni Michael Molloy, ọmọ ọdún 18. Nígbà tí wọ́n yẹ táyà náà wò, ìlà ojú rẹ̀ ṣì tó bí òfin ti wí, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún 19 tí wọ́n ti ṣe é. Táyà náà dàgbà ju ọmọ tí ó pa lọ.

Ìyá ọmọ náà, Frances Molloy, kò jókòó sórí ìbànújẹ́ rẹ̀. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa bẹ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n ṣe òfin. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2021, òfin ibẹ̀ kò gba táyà tí ó lé ní ọdún mẹ́wàá láàyè mọ́ ní iwájú ọkọ̀ akẹ́rù ńlá àti ọkọ̀ èrò ńlá. Bí ilẹ̀ tí òtútù ti pọ̀ bá lè fi ọdún mẹ́wàá ṣe òpin, kò yẹ kí ó yani lẹ́nu pé ilẹ̀ tí oòrùn ti ń yan ọ̀dà ojú ọ̀nà yóò fi èyí tí ó kéré sí i ṣe tirẹ̀.

Nílé níhìn-ín náà, táyà kò mọ ọlọ́lá yàtọ̀ sí mẹ̀kúnnù. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 2016, James Ocholi, tí ó jẹ́ mínísítà kejì fún ọ̀ràn òṣìṣẹ́ nígbà náà, kú pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, lẹ́yìn tí táyà ọkọ̀ wọn bẹ́.

TUNTUN TÀBÍ TÒKUNBỌ̀?

Nígbà kan rí, a ń ṣe táyà ní Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ Dunlop ń ṣe é ní Ìkẹjà, Michelin sì ń ṣe tirẹ̀ ní Port Harcourt. Michelin ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ ní ọdún 2007, Dunlop sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà, orí òkun ni èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú táyà wa ń gbà wọlé. Owó rẹ̀ ń gòkè bí náírà ti ń rẹlẹ̀ lọ́jà owó ilẹ̀ òkèèrè. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ fi ń yà sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta táyà tòkunbọ̀.

Kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé táyà àlòkù fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà nínú àwọn ọjà tí àjọ aṣọ́bodè Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó wọ ilẹ̀ yìí. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò ní èbúté. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òfin ti gba títa táyà àlòkù láàyè, ọlọ́jà gbọ́dọ̀ tẹ àmì sí i lára pé àlòkù ni, ìlà ojú rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín sí mìlímítà 2. Níhìn-ín, ojú oníbàárà nìkan ni alábòójútó. Ọlọ́jà mìíràn a fi ọṣẹ àti epo dúdú kùn ún kí ó lè máa dán. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ fi irin gbígbóná la ìlà tuntun sí ojú èyí tí ó ti pá, bẹ́ẹ̀ rọ́bà tí yóò dáàbò bo okùn inú rẹ̀ ni ó ń gé kúrò.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí a bá ní táyà tuntun jẹ́ ₦72,000, tí ó sì lo ọdún mẹ́rin, èyí tí í ṣe oṣù 48, ₦1,500 ni ó ná ọlọ́kọ̀ ní oṣù kan. Bí a bá ní tòkunbọ̀ jẹ́ ₦30,000, tí ó sì lo oṣù mẹ́wàá péré kí ó tó bàjẹ́, ₦3,000 ni ó ná an ní oṣù kan. Kí ọdún mẹ́rin tó pé, ọlọ́kọ̀ náà yóò ti ra tòkunbọ̀ márùn-ún, owó rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦150,000, èyí tí ó ju owó tuntun méjì lọ. A kò tíì ka owó fọ́kánáísà, ọjọ́ tí ọkọ̀ kò lè ṣiṣẹ́, tàbí ewu ojú ọ̀nà. Iye owó lè yàtọ̀ láti ọjà dé ọjà, ọkọ̀ èrò tí ń sáré lójoojúmọ́ sì lè jẹ táyà tuntun tán kí ọdún mẹ́rin tó pé. Kí olúkúlùkù fi iye owó ọjà tirẹ̀ àti iye oṣù tirẹ̀ ṣe ìṣirò náà. Ohun tí kò ní yí padà ni pé owó tí a san lọ́jọ́ kan kọ́ ni a fi ń mọ ọjà tí kò wọ́n, bí kò ṣe owó tí a san pín sí iye oṣù tí ó fi sìn wá.

Táyà tuntun olówó pọ́ọ́kú wà tí kì í ṣe àlòkù. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí orúkọ wọn kò tíì lókìkí ń ṣe táyà tí owó rẹ̀ kéré sí ti àwọn olórúkọ ńlá. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá tọ́, tí ọjọ́ rẹ̀ bá jẹ́ tuntun, tí àmì ìfaradà ooru tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ A tàbí B, ó sàn ju àgbà táyà olórúkọ ńlá lọ. Lẹ́tà C ni ó kéré jùlọ nínú ìfaradà ooru.

BÍ A ṢE Ń NÁ A LỌ́JÀ

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Kí ẹni tí táyà rẹ̀ bẹ́ lójijì má ṣe sáré ra èyí tí ó kọ́kọ́ rí. Bí táyà àpamọ́ rẹ̀ bá dára, kí ó fi í sí i, kí ó sì lọ sí ọjà ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú ara balẹ̀. Kí ó bèèrè owó ní ìsọ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Kí ó bèèrè bóyá owó tí wọ́n dá lé e kan gbígbé e sí rímù, fífẹ́ atẹ́gùn sí i, àti wíwọ̀n ọ́n lórí ẹ̀rọ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ má baà máa gbọ̀n. Ìsọ̀ tí ó dà bí ẹni pé ó dínwó lè fi gbogbo ìwọ̀nyí gba owó náà padà.

Kí ó ti ọwọ́ bọ inú táyà, kí ó sì fi ìka tọ gbogbo rẹ̀ yíká. Kò gbọ́dọ̀ sí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ rí, ibi tí ó ṣẹ́ tàbí ibi tí ó wú. Àwọn oníṣòwò kan a máa ki táyà kan bọ inú òmíràn, kí kọ̀ǹténà lè gba púpọ̀. Èyí a máa ká okùn inú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ táyà tuntun. Àjọ SON, tí ń bójú tó ìwọ̀n àti dídára ọjà, ti gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á. Táyà tí etí rẹ̀ wọ́, tí kò lè dúró ní róbótó nígbà tí a gbé e kalẹ̀, kí a fi í sílẹ̀. Ní ìparí, kí oníbàárà gba ìwé ẹ̀rí owó, kí wọ́n sì kọ ìwọ̀n àti ọjọ́ orí táyà náà sí i.

MÉLÒÓ NI A Ó RÀ?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè ra mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì pọn dandan. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, tí èkejì rẹ̀ ní iwájú tàbí ní ẹ̀yìn náà sì ti jẹ púpọ̀, kí a ra méjì, kí méjèèjì tí ó wà lórí irin kan náà bára mu. Bí èkejì rẹ̀ bá ṣì jẹ́ tuntun, ọ̀kan tó. Méjì tí ó dára jù ni kí a gbé sí ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ rò pé iwájú ni ó yẹ, ṣùgbọ́n bí táyà ẹ̀yìn bá yọ̀ lórí omi, ọkọ̀ yóò yí po, awakọ̀ kò sì ní lè fi ọwọ́ títì tọ́ ọ sọ́nà. Bí táyà iwájú bá yọ̀, ó ṣì lè dín eré kù kí ó sì gba ọkọ̀ padà. Nínú méjì tí a bọ́, kí a yan èyí tí ó sàn gẹ́gẹ́ bí àpamọ́, bí ọjọ́ rẹ̀ kò bá tíì kọjá.

Nígbà tí awakọ̀ bá ń pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ó fa bíréèkì ọwọ́, kí ó sì gbé àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Kí ó dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí ó tó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè. Kí ó má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Nígbà tí ó bá ń dì í padà, kí ó máa di nọ́ọ̀tì tí ó dojú kọ ara wọn, kì í ṣe èyí tí ó tẹ̀ lé ara wọn. Kí ó sì tún un dì lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn díẹ̀.

KÍ TÁYÀ LÈ PẸ́

Atẹ́gùn ni oúnjẹ táyà. Bí ó bá kéré jù, ẹ̀gbẹ́ táyà yóò máa tẹ̀ jù, yóò gbóná, yóò sì bẹ́. Bí ó bá pọ̀ jù, àárín ojú rẹ̀ yóò jẹ tán kí ẹ̀gbẹ́ tó jẹ. Ìwọ̀n tí ó tọ́ wà lára ìwé ilẹ̀kùn tí a ti mẹ́nu bà. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, ó wà láàárín 30 àti 35 lórí géèjì. Kí a wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, ní òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, nítorí táyà tí ó ti gbóná a máa fi iye èké hàn. Kí a má gbàgbé ti àpamọ́.

Bí ọkọ̀ bá já sínú kòtò, kí ọlọ́kọ̀ sọ̀kalẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ táyà méjèèjì, ti inú àti ti ìta. Bí ọkọ̀ bá ń fà sí apá kan, kí ó lọ tọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ táyà tuntun yóò jẹ tán ní ẹ̀gbẹ́ kan láàárín oṣù díẹ̀. Lẹ́yìn bíi kìlómítà 10,000, kí ó máa gbé ti iwájú sí ẹ̀yìn, kí ó gbé ti ẹ̀yìn sí iwájú, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jẹ dọ́gba.

ÀJỌ FÚN TÁYÀ

Ohun tí ó sábà ń ti ọlọ́kọ̀ sọ́dọ̀ tòkunbọ̀ ni pé táyà bẹ́ ní ọjọ́ tí kò sí owó. Èyí náà ní oògùn, àwọn baba wa sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Kí awakọ̀ máa dá àjọ fún táyà gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyálọ́jà ti ń dá tiwọn. Nínú ìṣirò wa, ₦1,500 lóṣù fún táyà kan jẹ́ ₦6,000 fún mẹ́rin. Bí ó bá pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, ₦200 ni lójúmọ́. Ọlọ́kọ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ní abúlé kan lè da owó pọ̀, kí wọ́n máa gbà á ní ìtẹ̀léra, kí wọ́n sì rán ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà lọ sí ọjà fún gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra táyà mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ nígbà tí ó bá ń ná ọjà.

Ẹni tí kò ní ọkọ̀ náà ní ipa tirẹ̀. Èrò tí ó fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí ìrìn àjò lè bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ táyà kí ó tó sanwó. Bí ó bá rí kókó, tàbí tí ojú rẹ̀ ti pá, kí ó sọ fún awakọ̀ pẹ̀lú sùúrù, kí ó sì wọ òmíràn. Bí èrò bá ń wo táyà, awakọ̀ yóò máa wò ó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ YÀRÁ ÌKÀWÉ

1. Irú ihò wo ni a lè lẹ̀ lára táyà? Irú èwo ni a kò gbọ́dọ̀ lẹ̀, kí sì ni ìdí rẹ̀?
2. Táyà kan ní nọ́ńbà 3821 ní ìparí ìlà DOT rẹ̀. Nígbà wo ni wọ́n ṣe é? Ṣé a lè rà á lónìí?
3. Kí ni ikú Michael Molloy kọ́ wa nípa táyà tí ojú rẹ̀ ṣì dára?
4. Ẹ fi iye owó táyà tuntun àti ti tòkunbọ̀ ní ọjà tí ó sún mọ́ yín ṣe ìṣirò iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ná ọlọ́kọ̀ lóṣù.
5. Èéṣe tí ó fi yẹ kí méjì tí ó dára jù wà ní ẹ̀yìn?
6. Ṣé àwọn ọlọ́kọ̀ abúlé yín lè dá àjọ fún táyà? Ta ni yóò máa tọ́jú owó, ta ni yóò sì máa lọ sí ọjà?

Lẹ́yìn ìjíròrò, kí gbogbo ìjókòó jáde lọ síbi ọkọ̀ tí ó bá wà nítòsí, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tí ó ni ín, kí wọ́n wá lẹ́tà DOT lára táyà rẹ̀, kí wọ́n sì ka ọjọ́ orí rẹ̀ sí etí ọlọ́kọ̀.